Ọmọ Oòrùn Tí A Kò Tíì Rí

Monílọ́lá, àbígbẹ̀yìn mi, ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe kí oòrùn ní ọmọ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì fojú rí. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ní Arakale, ní Àkúrẹ́, ni a wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ń gé yunifọ́ọ̀mù fún ilé-ìwé kan ní Ìgbàrà-Òkè, aṣọ aláwọ̀ ewé sì bo gbogbo orí tábìlì mi. Àlùmọ́gàjí mi ti sọnù. Ẹni tó bá ń ránṣọ yóò mọ ohun tí mò ń sọ: ojoojúmọ́ ni àlùmọ́gàjí ń sọnù, ibi tí ó sì máa ń wà kò ju abẹ́ aṣọ tí a fẹ́ gé lọ.

"Mọ́mì, ẹ má wá a mọ́," ni Monílọ́lá wí. "Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan hàn yín."

Ó bu bọ́tìnnì láti inú agolo, ó sì dà wọ́n sórí aṣọ náà. Wọ́n yí kiri díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn dúró síbi tó wù wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn kan kóra jọ sí apá kan, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni pé ògiri kékeré kan ni wọ́n fara tì. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ níbẹ̀, ó sì fa àlùmọ́gàjí mi yọ.

"Ṣé ẹ rí i? A ò rí àlùmọ́gàjí. Bọ́tìnnì la rí. Ibi tí bọ́tìnnì kóra jọ sí ló sọ fún wa."

"Ó dáa," mo ní, "ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣa bọ́tìnnì mi?"

Bó ṣe ń ṣa wọ́n ni ó ń ṣàlàyé. Ó ní oòrùn ní àwọn ayé tí ń yí i po, tiwa yìí sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òun ń pè wọ́n ní plánẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mo pè wọ́n ní ọmọ oòrùn, nítorí pé bí ọmọ ṣe ń yí ìyá ká ni wọ́n ń ṣe. Mẹ́jọ ni a mọ̀. Ní ẹ̀yìn èyí tó jìnnà jù nínú wọn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti rẹ̀ gan-an, àwọn òkúta oníyìnyín kéékèèké wà tí àwọn náà ń yí oòrùn po. Àwọn tó jìnnà jù nínú òkúta yìí kò tú ká bí ó ṣe yẹ. Apá kan náà ni ọ̀nà wọn fì sí. Àwọn onímọ̀ kan ṣe ìṣirò, wọ́n ní ó lè jẹ́ pé ayé ńlá kan, tó tóbi ju tiwa lọ dáadáa, wà nínú òkùnkùn ọ̀hún tó ń fà wọ́n. Ó jìnnà débi pé kí ó tó yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan, àìmọye ìran ènìyàn yóò ti wá, wọn yóò sì ti lọ.

"Ta ló ti rí i?" mo bi í.

"Kò sẹ́ni tó rí i, Mọ́mì. Àwọn onímọ̀ mìíràn tiẹ̀ ní kò sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n ní apá ibi tí a tanná sí nìkan la ti ń rí nǹkan, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé àwọn òkúta náà kóra jọ."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo rò?"

"Mi ò mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ lọ wò nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni. Ó ti gboyè nínú ìmọ̀ físíìsì níbí ní Àkúrẹ́, yunifásítì kan lókè òkun sì ti gbà á kó wá kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Awò ńlá tuntun kan wà lórí òkè ní orílẹ̀-èdè Chile tí ó ń ya àwòrán ojú ọ̀run. Òun àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ ni yóò máa yẹ àwọn àwòrán náà wò, bóyá ọmọ oòrùn tó fara pamọ́ yóò hàn nínú wọn. Ọjọ́ Ajé ni ó gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn. Gbogbo nǹkan ti tò, àfi ẹyọ kan: Bàbá Oǹdó ti ní kò gbọdọ̀ lọ.

Adédèjì ni orúkọ Bàbá Oǹdó, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Láti ìgbà tí Johnson ọkọ mi ti kú, òun ló dúró bíi bàbá fún àwọn ọmọ mi. Oko kòkó rẹ̀ ni wọ́n fi kàwé, ilé rẹ̀ ni a ti ń ṣe ọdún. Nígbà tí Monílọ́lá pè é lórí fóònù láti sọ fún un, ó ní, "Kò sí ọmọ mi kan tó máa lọ wá ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀." Ó sì pa fóònù.

Monílọ́lá kì í ṣe ọmọdé. Ó lè lọ láìbéèrè. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé, "Mọ́mì, bí Bàbá ò bá gbé ọwọ́ lé mi lórí, mi ò lọ. Màá kọ̀wé sí wọn pé mi ò wá mọ́." Mo mọ ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ tó bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ, kì í kó o jẹ.

Mo ní kò burú, a ó lọ sí Oǹdó ní Sátidé.

Èmi kò kàwé ní kékeré. Lẹ́yìn ikú Johnson ni mo wọ kíláàsì àwọn àgbà tí Tísà Fọlákẹ́mi ń ṣe lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé ni mo ti ń rán láti ọdún pípẹ́, síbẹ̀ n kò mọ ohun tí wọ́n kọ sí àpò rẹ̀. Mo rántí ọ̀sẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ wa ti fẹ́ máa mọ bíírò dì mú, Tísà ní kí oníkálukú kọ orúkọ rẹ̀, kó sì kọ iye ọmọ tó bí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa kọ orúkọ. Kò sí ẹni tó kọ iye ọmọ. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ kì í sì í kà wọ́n. Tísà wo ìwé wa, ó wo ojú wa, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ kọ iye ewúrẹ́ yín."

Nítorí náà mo ní kí Monílọ́lá kọ ọ̀rọ̀ ọmọ oòrùn náà fún mi ní Yorùbá, ní lẹ́tà gàdàgbà. Mo ń kà á láàárín iṣẹ́, ojú ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Kì í ṣe kí n lè bá Bàbá jiyàn. N kò fẹ́ dé iwájú rẹ̀ kí n máa sọ ohun tí n kò mọ̀.

Ní Sátidé, a wọ mọ́tò ní kùtùkùtù. Monílọ́lá ń wo ìta títí a fi kọjá Bọ́lọ́rundúró.

"Tó bá kọ̀ ńkọ́?" mo bi í.

"Tó bá kọ̀, màá máa bá yín ránṣọ."

"Ìwọ? Ìwọ tí o rán ọwọ́ òsì mọ́ ọwọ́ ọ̀tún fún ọmọ ọlọ́mọ?"

"Ọmọ náà ò ráhùn, Mọ́mì."

"Ráhùn báwo? Apá rẹ̀ tí kò lè gbé sókè ló ń rò!"

A rẹ́rìn-ín títí ọkùnrin tó jókòó níwájú wa fi yíjú padà. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó gbé orí lé mi léjìká, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré.

Ìyá Bímbọ́lá, ìyàwó Bàbá, ló pàdé wa ní géètì. Obìnrin tó lára ni, ó sì máa ń pè mí ní ìyàwó rẹ̀, èmi náà ń pè é ní Mọ́mì. "Ìyàwó mi, ẹ káàbọ̀. Lọ́lá, o ti ga tó báyìí? Ṣé wọ́n ń bomi rin yín ní Àkúrẹ́ ni?" Ó fà wá wọ páálọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí páálọ̀ náà ṣe rí. Àga tìmùtìmù yí ògiri ká, wọ́n sún mọ́ra gan-an, eékún ẹni máa ń kan eékún ẹlòmíràn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí géètì, àga onígi kan dá wà, a tẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n fi òwú hun lé e lórí. Àga Olúfẹ́mi ni. Olúfẹ́mi ni àkọ́bí Bàbá. Ó gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí òkè òkun nígbà tí Monílọ́lá ṣì ń rákò. Ó ń pe ilé fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kò pè mọ́, a kò sì gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí di òní. Kò sí ẹni tó ṣòfin pé a kò gbọdọ̀ jókòó sí àga náà. A kàn kì í jókòó síbẹ̀ ni. Tẹ́lẹ̀, Bàbá Olúfẹ́mi àti Ìyá Olúfẹ́mi ni gbogbo àdúgbò ń pe àwọn méjèèjì. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi orúkọ Bímbọ́lá, ọmọ wọn obìnrin tó tẹ̀lé e, rọ́pò rẹ̀, kí ọkàn wọn má baà máa gbọgbẹ́.

Monílọ́lá mọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò mọ̀ nípa àga. Nígbà ọdún, ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ọmọdé máa ń wà. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó dìde, ó wo ibi tó láyè, ó sì lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Páálọ̀ dákẹ́. Bàbá, tó ti la ẹnu láti bi wá bí ọ̀nà ṣe rí, pa á dé.

"Lọ́lá," ni Ìyá Bímbọ́lá wí jẹ́ẹ́, "dìde wá jókòó tì mí. Afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù níbẹ̀ yẹn."

Ewé kan kò mì níta. Monílọ́lá dìde, ó wá há ara rẹ̀ sáàárín àwa méjèèjì.

Bàbá wú ikọ́. Ọkùnrin gbọọrọ ni, alàgbà ìjọ Áńgílíkà, ẹlẹ́fẹ̀ sì ni pẹ̀lú. Bí inú bá ń bí i, èdè Oǹdó ló máa ń sọ. N ó kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ ní kíláàsì kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

"Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ṣé awòràwọ̀ lẹ mú wá kí mi? Ẹ ò ka ohun tí Bíbélì sọ nípa wọn ni?"

"Mo kà á, Bàbá. Mo ti ń dá a kà. Àwọn amòye láti ìlà oòrùn náà, ìràwọ̀ ni wọ́n wò kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Jésù."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Tísà yín ti bà yín jẹ́ pátápátá." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú sí Monílọ́lá. "Gbọ́, ọmọ yìí. Mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ́ mi ní ilé-ìwé Módà. Mo mọ̀ wọ́n lórí bí ẹni mọ orúkọ àwọn ọmọ Jákọ́bù. Nígbà tó yá, wọ́n ní mẹ́jọ ni, wọ́n yọ ìkẹyìn kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní báyìí, ẹ tún ní ó lè pé mẹ́sàn-án. Ta ló rán yín? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ ka ọmọ oòrùn, ọ̀kan dín. Kí lẹ tún ń wá?"

"Oòrùn fúnra rẹ̀ ò bínú, Bàbá Bímbọ́lá," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ̀yin lẹ wá ń bá a jà."

"Èmi, Àgùàlà tó ń bá òṣùpá rìn ni mo mọ̀. Ajá òṣùpá. Ìyẹn, mo ń fojú mi méjèèjì rí i."

"Bàbá," ni Monílọ́lá wí, "Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Ọmọ oòrùn lòun náà. Venus tí ẹ kọ́ ní Módà nìyẹn."

Bàbá wò ó. "Àgùàlà ni Venus?"

"Òun ni, sà."

"Wọn ò sọ fún wa! Mo kà á sórí, wọ́n nà mí nítorí rẹ̀, àṣé òun ni mò ń rí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ń ti oko bọ̀?" Ó ń mi orí, ó dùn mọ́ ọn. Mo rò pé ó ti rọ̀, ni mo bá sọ̀rọ̀ àlùmọ́gàjí àti bọ́tìnnì fún un. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò gbé aṣọ kúrò, kẹ́ ẹ wo abẹ́ rẹ̀?" ó bèèrè.

"Iṣẹ́ tí wọ́n pè é sí gan-an nìyẹn, Bàbá. Kó wá bá wọn gbé aṣọ kúrò."

"Kí wọ́n pe ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn òyìnbó náà bímọ." Ó dìde, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ jẹun. Mo fẹ́ lọ na ẹ̀yìn."

Lẹ́yìn oúnjẹ, èmi àti Ìyá Bímbọ́lá jáde sí iwájú ilé láti yí kòkó tí wọ́n sá sójú oòrùn. Òórùn kíkan rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. A ń fi igi wọ́ ọ, a ń yí i lójú padà.

"Ìyàwó mi," ó ní, "kì í ṣe ohun tó wà lókè ọ̀run ló ń bà á lẹ́rù. O mọ̀."

"Mo mọ̀, Mọ́mì."

"Bẹ́ ẹ bá lọ báyìí, kò ní yí ọkàn padà mọ́. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ọmọ yẹn níwájú rẹ̀. Èmi gan-an ò dá a láṣà."

"Ẹ kì í dárúkọ rẹ̀ rárá?"

Ó ṣa èèpo kan jáde nínú kòkó, ó sọ ọ́ nù. "Àwo rẹ̀ ni mo fi ń dárúkọ rẹ̀. Mo ń bu oúnjẹ sí i lójoojúmọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá kọjá ni mo ń fún. Bàbá ń rí i. Kò bi mí rí."

Ẹ̀rù bà mí. Ilé yìí ti gbà wá mọ́ra láti ìgbà tí Johnson ti lọ. Bí mo bá dárúkọ Olúfẹ́mi, tí ó sì gún Bàbá lọ́kàn, kì í ṣe ìrìn àjò Monílọ́lá nìkan ni yóò bàjẹ́. Síbẹ̀, bí mo bá dákẹ́, ọmọ mi yóò padà sí Àkúrẹ́ láti kọ̀wé pé òun kò wá mọ́, yóò sì máa rán ọwọ́ òsì mọ́ ọwọ́ ọ̀tún títí ayé. Mo fọ eruku kòkó kúrò lọ́wọ́ mi, mo wọlé.

Bàbá ti jí, ó jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí. Monílọ́lá wà nílẹ̀ lórí ẹní, ó ń bá a to àwọn oògùn rẹ̀ sínú àpótí. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Bó bá dùn yín, ẹ dárí jì mí."

"Dìde, Ìyàwó. Bi mí."

N kò dìde. "Nígbà tí Monílọ́lá jókòó sí àga yẹn láàárọ̀, kí ló mú gbogbo wa dákẹ́?"

Ọwọ́ Monílọ́lá dúró lórí àpótí.

"Ká ní àlejò tí kò mọ̀ wá rí wọlé báyìí," mo ní, "yóò rí i pé a há mọ́ra lápá ibí, àga kan sì ṣófo níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Yóò rí i pé ibi tí ẹ jókòó sí yìí, ẹ̀yìn yín ló kọ sí tẹlifíṣọ̀n, géètì lẹ kọjú sí. Yóò rí i pé àwo tí Mọ́mì ń bu oúnjẹ sí ju àwa tó ń jẹun lọ. Yóò gbọ́ pé a ń pè yín ní Bàbá Bímbọ́lá, yóò sì gbọ́ tí Bímbọ́lá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àlejò náà kò rí ẹnikẹ́ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n bó bá lọ́gbọ́n, yóò sọ pé ẹnì kan wà nínú ilé yìí tí òun kò rí, tí gbogbo wọn ń fì sí ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Ìyá Bímbọ́lá ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú igi tí a fi yí kòkó lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bí wọ́n ṣe mọ̀ nípa ayé ọ̀hún nìyẹn," mo ní. "Wọn kò rí i. Àwọn tó wà lẹ́bàá rẹ̀ ni wọ́n rí."

Bàbá ń wo fèrèsé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe èdè Oǹdó tí ó fi ń bínú ló sọ.

"Olúfẹ́mi ò kú," ó ní.

"A ò sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Mi ò rí i, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi pé kò sí." Ó yíjú sí Monílọ́lá. "Ó dá wọn lójú pé ó wà, ìyẹn tí ẹ̀yin ń wá?"

Ọmọ mi ì bá ti purọ́ níbẹ̀. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni irọ́ ì bá ti wúlò fún un.

"Rárá, sà," ó ní. "Kò dá wọn lójú. Ó lè má sí. Ó lè jẹ́ pé a ò wo gbogbo ojú ọ̀run dọ́gba ni. Mo lè wá a, wá a, kí n má rí nǹkan kan."

"Bó ò bá rí i, kí lo máa ṣe?"

"Màá sọ pé mi ò rí i. Màá sì padà wálé."

"Bó o bá rí i?"

"Màá padà wálé wá sọ fún yín kí n tó sọ fún ẹlòmíràn."

Bàbá fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Gbogbo ohun tí mo fẹ́ gbọ́ láti àárọ̀ nìyẹn," ó ní. "Ẹ ń sọ bọ́tìnnì fún mi, ẹ ń sọ àlùmọ́gàjí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹni tó ń lọ máa padà."

"Ẹ ò bèèrè," ni Ìyá Bímbọ́lá wí láti ẹnu ọ̀nà. Omi ti wà lójú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ajá òṣùpá lẹ ń bèèrè."

Bàbá rẹ́rìn-ín, àwa náà sì rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó bọ́ ẹrù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ìka sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Monílọ́lá, lọ jókòó síbẹ̀."

Monílọ́lá wò mí. Mo mi orí sí i. Ó lọ, ó rọra jókòó, ó bọ́ ìborùn tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbé e lé apá àga. Bàbá dìde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí. Ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tó mọ iye ọmọ oòrùn láìkà wọ́n ṣáájú Monílọ́lá, kí ọmọ náà má ṣe rin ọ̀nà tí ìyà pọ̀ sí, kí ó rí ohun tó ń wá, bí kò bá sì rí i, kí ó má sọ ara rẹ̀ nù níbi wíwá. Lẹ́yìn náà ni ó dárúkọ Olúfẹ́mi nínú àdúrà náà. Ó pè é ní kíkún, pẹ̀lú oríkì rẹ̀. Mo gbọ́ tí igi náà já bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Bímbọ́lá.

A ti jọ gbà pé èmi yóò sùn sí Oǹdó kí n lè bá wọn lọ sí ìsìn ní ọjọ́ kejì. Monílọ́lá ní tirẹ̀ ní láti tètè padà sí Àkúrẹ́ lọ palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́. Nígbà tó gbé báàgì rẹ̀, Bàbá dá a dúró lójú ọ̀nà.

"Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń lọ, mo sìn ín dé gáréèjì," ó ní. "Ó ń wẹ̀yìn ṣáá. Mọ́tò gbéra, ó yọrí jáde, ó ń wẹ̀yìn títí wọ́n fi yà ní kọ́nà. Ara rẹ̀ ló lọ, ọkàn rẹ̀ ò lọ. Ìyàwó tó ń jáde nílé bàbá rẹ̀, a kì í jẹ́ kó wẹ̀yìn. Ìwọ náà, má wẹ̀yìn. A wà níbí. Kò dìgbà tó o bá wò wá kó o tó mọ̀."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ó kúnlẹ̀ fún gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ ṣeun, Mọ́mì," léti mi, ó sì sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìgbà náà ni mo rí ìborùn rẹ̀ lórí apá àga. Mo yára mú un kí n lè sáré bá a.

Bàbá di apá mi mú. "Fi í sílẹ̀, Ìyàwó. Ó máa padà wá mú un."

Mo gbé e padà síbi tí mo ti mú un. A jọ dúró sójú fèrèsé, àwa mẹ́ta, a ń wò ó bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó tí wọ́n sá sójú oòrùn. Ó dé géètì. Ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó dúró. Mo mọ̀ pé ó ti rántí.

"Má wẹ̀yìn o," ni Bàbá ń sọ lábẹ́ ètè rẹ̀. "Má wẹ̀yìn, ọmọ mi."

Monílọ́lá gbé ọwọ́ sókè, ó jù ú sí wa láìyíjú padà. Ó ṣí géètì, ó sì yà sí ọ̀nà gáréèjì.